Òpéléńgẹ́ Kò Ṣubú

Ọjọ́ tí Ìlínkà kọ́kọ́ wọ ilé Ògúnkọ̀yà ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n to àwọn ọkọ rẹ̀ síwájú rẹ̀. Òun rò tẹ́lẹ̀ pé ọkọ kan ṣoṣo lòun ní, ìyẹn Theophilus, ẹni tó lọ kàwé ẹnjinníà ní Bùkárẹ́sì, lọ́dọ̀ àwọn ará Ròmáníà, tó sì mú òun bọ̀ wálé. Àṣé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Màmá Rachel, ìyá ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ṣùgbọ́n tí pàṣán ò tíì kúrò lóhùn rẹ̀, pe gbogbo ọmọ tí wọ́n ti bí sínú agbo ilé náà kí ìyàwó tó dé. Ó ní, "Àwọn ọkọ ẹ nìyí o. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, o ó kúnlẹ̀ kí wọn."

Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọkọ náà ni Mọ́ṣádé, ọmọ ẹ̀gbọ́n Theophilus tó ti dolóògbé. Ọmọbìnrin bíńtín ni nígbà náà, eyín iwájú rẹ̀ ti ká, ó ń lá súìtì. Theophilus túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ojú ń tì í díẹ̀. Ìlínkà wo ọmọ náà, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó fa ìró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ró fún un sókè, ó sì kúnlẹ̀ níwájú ọlọ́súìtì. Ẹ̀yìn rẹ̀ gún régé. Orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò dún rárá. Àwọn obìnrin ilé hó yèè, wọ́n ní òyìnbó yìí mà mọ ìkúnlẹ̀ o, àfi bíi pé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé gbogbo orílẹ̀-èdè kan ti jókòó wo ẹsẹ̀ yẹn rí. Láti kékeré ni wọ́n ti mú Ìlínkà kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin bí wọ́n ṣe ń ta òkìtì lórí igi gbọọrọ kan. Igi náà ga dé àyà àgbàlagbà, fífẹ̀ rẹ̀ ò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n ń rìn lórí rẹ̀, wọ́n ń fò lórí rẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ dúró lórí rẹ̀ kí ẹsẹ̀ wà lókè, wọn a sì ta òkìtì ìkẹyìn kúrò níbẹ̀ balẹ̀ sórí fóòmù. Kò tíì pé ogún ọdún tó fi di ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo Ròmáníà lórí igi yẹn, lọ́dún kejì ó tún gbà á. Àwọn ọmọdé ń gé irun wọn bíi tirẹ̀. Eré àgbáyé ló kù tó fẹ́ lọ, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ̀rù pé kò ní gba wúrà bọ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n rí i nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú. Wọ́n pè é sínú yàrá. Àwọn ọkùnrin jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn, omi wà nínú ife níwájú wọn, ẹnikẹ́ni ò mu ún. Wọn ò lù ú, wọn ò jágbe mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ò pọ̀ lójú tiwọn: kó tẹ orí ba, kó sọ pé òun ṣìnà, pé ọmọ dúdú náà ló tan òun jẹ. Bó bá ti sọ ọ́ tán, kó máa múra eré àgbáyé. Ìlínkà ní ẹnikẹ́ni ò tan òun jẹ. Wọ́n ní kó lọ rò ó dáadáa. Ó ní òun ti rò ó kóun tó wọlé. Eré parí níbẹ̀. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n gba gbogbo wúrà ọrùn rẹ̀, wọ́n ní ti ìjọba ni, wọ́n sì fi ọmọ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ìdí tẹlifíṣọ̀n ni Ìlínkà wà tó fi rí wúrà tí wọ́n gbé kọ́ ọmọ náà lọ́rùn. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún pè é padà sínú yàrá yẹn, ohun kan náà ni yóò sọ.

Bó ṣe bá ọkọ rẹ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde lọ́wọ́ òfo nìyẹn. Ìjẹ̀bú tó fẹ́ràn kí nǹkan máa dán lọ́rùn! Wọ́n gbọ́ pé ìyàwó Theophilus ti gba ipò kìíní nílùú òyìnbó, wọ́n wo ọrùn rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Màmá Rachel fúnra rẹ̀ bi í léèrè nígbà tí Yorùbá rẹ̀ ti dán mọ́ran, ó ní, "Ẹni tó gba wúrà, ibo ló kó wúrà ọ̀hún sí?" Ìlínkà dáhùn pé wọ́n gbà á, torí pé òun kọ̀ láti parọ́. Màmá Rachel ní hẹn-ẹn. Hẹn-ẹn yẹn dun Ìlínkà ju èébú lọ.

Ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré ìdárayá nílé-ìwé kan nílùú, wọ́n ń sáré, wọ́n ń fo okùn, ó tán. Ní ti igi, ó ti gbà pé ó ti parí láyé òun. Àfi lọ́sàn-án Sátidé kan tí ariwo sọ lẹ́yìnkùlé. Mọ́ṣádé ló gun orí ògiri ọgbà, níbi tí wọn ò tíì ri àkúfọ́ ìgò mọ́, ó ń lọ jí ìbẹ́pẹ aládùúgbò. Gbogbo ilé ń lọgun pé kó sọ̀ kalẹ̀. Ìlínkà gbọ́wọ́ sókè pé kí wọ́n dákẹ́. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ló ń wò. Kí Mọ́ṣádé tó gbé ara lé ẹsẹ̀ kan, ọmọ ìka rẹ̀ á kọ́kọ́ yẹ ògiri wò. Kò wo ilẹ̀, kò wo ẹsẹ̀, ìparí ògiri ló tẹjú mọ́. Wọn kì í kọ́ ọmọ ní ìyẹn. Wọ́n á bí i mọ́ ọn ni, bí wọn ò bá sì bí i mọ́ ọn, olùkọ́ á kàn máa pariwo lásán ni. Inú Ìlínkà dùn débi pé ó ń bà á lẹ́rù.

Nígbà tí Mọ́ṣádé bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ́pẹ lọ́wọ́, Màmá Rachel ti mú pàṣán dání. Ìlínkà kúnlẹ̀ sáàárín wọn. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọkọ mi yìí."

Ràsákì káfíńtà ní Ìjẹ̀bú-Imusin ló bá wọn fi pákó afàrà gbẹ́ igi ìtàkìtì náà. Nígbà tó gbé e wá, ó yí i po, ó ní irú bẹ́ǹṣì tẹ́ẹ́rẹ́ wo rèé, ta ló fẹ́ fi ìdí lé e? Wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, wọ́n tẹ́ fóòmù ibùsùn àtijọ́ sí ìparí rẹ̀. Eré bẹ̀rẹ̀, wàhálà náà sì bẹ̀rẹ̀, nítorí pé báwo ni ìyàwó ṣe máa ń jágbe mọ́ ọkọ?

Màmá Rachel ò gbà. Ó ní ohun yòówù tí wọ́n bá ń ṣe lábẹ́ máńgòrò, ọkọ lọkọ ń jẹ́. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ni pé kí Ìlínkà kúnlẹ̀ kí Mọ́ṣádé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó má sì pè é lórúkọ láé. Àwọn obìnrin ilé bá a wá orúkọ kan, Òpéléńgẹ́, torí ọmọ náà rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gún. Bẹ́ẹ̀ ni aládùúgbò ṣe ń gbọ́ ohùn òyìnbó lójoojúmọ́: "Òpéléńgẹ́! Ẹ na ẹsẹ̀ yín! Ẹ nà án, mo ní! Ṣé ẹsẹ̀ lẹ gbé sókè yẹn àbí ẹ̀kọ tútù? Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ẹ tún un ṣe!" Àwọn tó ń kọjá a máa dúró rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Ìlínkà ò bìkítà. Olùkọ́ tó kọ́ òun náà ò mọ̀ ju ariwo lọ, kì í sì í ṣe ariwo tó ní "ẹ jọ̀ọ́" nínú.

Theophilus sọ fún un lọ́jọ́ kan pé bí ìkúnlẹ̀ yìí bá ti sú u, kó fi sílẹ̀. Ó ní Màmá á bínú, á sì tún yọ́.

"Kò sú mi," Ìlínkà wí. "Lọ́hùn-ún, wọ́n fẹ́ gba ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ mi. Níbí, èmi ni mò ń fún wọn. Kì í ṣe nǹkan kan náà, Theo."

Ìkúnlẹ̀ yìí náà ló tún jẹ́ ẹ̀kọ́ tó ṣòroó kọ́ Mọ́ṣádé jù. Òkìtì ò le fún un. Ohun tó le ni ti ìparí. Ìlínkà sọ fún un títí ẹnu rẹ̀ fi ń bó: "Bí ẹ bá ti balẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì papọ̀, ọwọ́ lókè, ojú sọ́dọ̀ adájọ́. Ìkíni orí fóòmù nìyẹn. Orúnkún ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Bó bá kàn án, wọ́n á ní ẹ ṣubú."

"Bí adájọ́ bá jẹ́ bàbá arúgbó ńkọ́?"

"Bó jẹ́ ọba."

Mọ́ṣádé rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn òyìnbó mà láyà o, kí èèyàn na ọwọ́ sókè sójú àgbà bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ. Ọdún gorí ọdún lábẹ́ máńgòrò yẹn, ọlọ́súìtì di ọ̀dọ́mọbìnrin, ó sì wá mọ ohun tó ń fẹ́. Ohun tó ń fẹ́ ni Kàdúná. Ibẹ̀ ni eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè yóò ti wáyé lọ́dún 1977, ọmọbìnrin kan péré ni wọn yóò sì mú ní ìpínlẹ̀ wa fún orí igi. Ó ń sọ ọ́ bó bá ń fọ abọ́, ó ń sọ ọ́ bó bá ń gbálẹ̀. Ó ní bóun bá dé Kàdúná, òun á gba wúrà kan wá fún Ìyàwó, kí ẹnu gbogbo ará ilé lè pa mọ́. Ìlínkà a máa ní kó na ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì yí ojú sápá ibòmíràn.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti ṣe ìdíje àṣàyàn. Àwọn ọmọ wá láti Abẹ́òkúta, láti Ṣàgámù, láti Ayépé. Alága àwọn adájọ́ ni Olóyè Frederick, bàbá arẹwà kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, ẹni tí wọ́n fi sípò nítorí pé ó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa nígbà èwe. Ìwé òfin eré náà wà níwájú rẹ̀, ó gbé ife tíì lé e. Màmá Rachel wà láàárín èrò, ó wé gèlè lọ́nà tí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò fi ríran. Òun kan náà ló sọ fún Mọ́ṣádé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé, "Má jẹ́ kí wọ́n sọ pé ọmọ tí mo tọ́ ò lẹ́kọ̀ọ́ o. Bó o bá rí àgbà, kí i."

Mọ́ṣádé gun igi. Ìlínkà ò lè jókòó. Ọmọ náà rìn, ó fò, ó yí padà lórí ẹsẹ̀ kan, ó ta òkìtì ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì padà bá igi bí ẹni pé ó ti kọ àdírẹ́sì rẹ̀ síbẹ̀. Òkìtì ìkẹyìn ló kù, òun ló máa ń ba Ìlínkà lẹ́rù. Ó sáré, ó fò, ó yí lókè, ó balẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ fóòmù, kò yẹ̀ síbì kankan. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó kọjú sí àwọn adájọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìlínkà ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu torí ayọ̀.

Ni Olóyè Frederick bá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ náà. Ó mi orí, ó ní, "O káre, ọmọ mi."

Kí orí Mọ́ṣádé tó rántí nǹkan kan, orúnkún rẹ̀ ti rántí. Ó kúnlẹ̀ gbi. "Ẹ ṣé, sà."

"Wàá dàgbà," Olóyè wí. "Wàá di èèyàn pàtàkì."

Ìlínkà dijú. Nígbà tó là á, adájọ́ kékeré kan tó wá láti Èkó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí Olóyè, ó ń nawọ́ sí orúnkún. Olóyè gbé ife tíì kúrò lórí ìwé òfin, ó ṣí i, ó wò ó, ó sì kéde pé orúnkún ọmọ yìí kan ilẹ̀ lẹ́yìn tó balẹ̀, ó ti ṣubú nìyẹn, wọ́n sì yọ máàkì rẹ̀. Ọmọ Ayépé kan ló wá fi díẹ̀ báyìí ṣíwájú. Mọ́ṣádé ṣì wà lórí fóòmù, ó ń wo orúnkún ara rẹ̀.

Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí Ìlínkà. Láti ìgbà tó ti dé Ìjẹ̀bú ló ti ń fi ìṣòro kọ́ ara rẹ̀ láti máa fi ọ̀tún gba nǹkan, kó máa fi ọ̀tún fúnni. Ìbínú ò jẹ́ kó rántí lọ́jọ́ náà. Ó ti dé iwájú tábìlì kó tó mọ̀ pé òun dìde, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ sì nà sí Olóyè Frederick gbọọrọ.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kí i! Ẹ̀yin lẹ súre fún un! Ṣé ẹni tó bá ṣubú, wọ́n máa ń súre fún un ni?"

Gbọ̀ngàn ní háà. Ọ̀rọ̀ tó sọ kọ́, ọwọ́ tó nà ni. Olóyè Frederick wo ìka náà títí Ìlínkà fúnra rẹ̀ fi wò ó, tó sì yára gbé e kúrò.

"Ọwọ́ òsì," Olóyè wí pẹ̀lẹ́. "Èmi lo nà án sí. Nílùú bàbá mi."

"Ọwọ́ òsì yẹn ò dáa, sà," Ìlínkà wí. "Mo tọrọ àforíjì. Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò ṣubú."

Olóyè fara ti àga. Ó ní òun kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní yàtọ̀ sí ọmọ Ayépé tó gbégbá orókè, àyè ẹnì kan tí wọ́n yọ̀ǹda fún alága láti fi kún un ṣì wà lọ́wọ́ òun fún Kàdúná, òun sì lè ṣàánú. "Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yẹn," ó ní, "kó o sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́, pé ọmọ yìí ṣubú, pé bí a ṣe dá a ló tọ́. Bó o bá ti sọ ọ́ tán, orúkọ rẹ̀ á wọlé. Bó ò bá sọ ọ́, ẹ máa lọ sílé."

Ìlínkà wo tábìlì gígùn náà. Ó wo àwọn ọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, àti omi nínú ife níwájú wọn. Ó dà bí ẹni pé tábìlì náà ti wọ ọkọ̀ òfuurufú tẹ̀ lé e láti Bùkárẹ́sì wá sí Ìjẹ̀bú. Tó bá jẹ́ tòun nìkan ni, ì bá ti yí ẹ̀yìn padà, ì bá tilẹ̀ ti fi ọwọ́ òsì ọ̀hún ju ọwọ́ sí wọn.

Àwọn èrò ti ń dá sí i. "Ìyàwó, kúnlẹ̀ jàre! Kí ló wà níbẹ̀? Ṣebí ojoojúmọ́ lò ń kúnlẹ̀!" Theophilus gba àárín èrò kọjá, ó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, òun ló mọ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ jù, torí òun ló fà á tí wọ́n fi béèrè rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Ìlínkà, má wo tèmi o. Èyí tó o bá ṣe..."

Ìlínkà wo Mọ́ṣádé. Ó rántí ara rẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n níjọ́sí, ojú tó wú. Òun ló yan ìyẹn fúnra òun, ó sì tọ́ sí òun láti yàn án. Ṣùgbọ́n ta ni òun tí òun fi máa yan irú rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ? Ọmọ yìí ti ń sọ Kàdúná látorí abọ́ dé ìdí ìgbálẹ̀. Irọ́ kan péré ni, ìkúnlẹ̀ kan péré. Ó di ìró rẹ̀ mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún.

"Ìyàwó!"

Gbogbo orí yí padà. Mọ́ṣádé ti dìde lórí fóòmù, ó dúró nínú aṣọ eré tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ìyàwó, ẹ má kúnlẹ̀."

"Òpéléńgẹ́, ẹ jọ̀ọ́, Kàdúná ni..."

"Mo mọ̀ pé Kàdúná ni. Ṣé mo ṣubú?"

"Ẹ ò ṣubú."

"Ta ni ọkọ yín nínú ilé?"

Ìlínkà mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa. Ọkọ yín ló ní kẹ́ ẹ dìde."

Ẹ̀rín bú nínú gbọ̀ngàn. Olóyè Frederick náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹnu lásán ni. Ó wá Màmá Rachel rí láàárín èrò, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tíṣà. Ẹ ò gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń sọ lójú àgbà?"

Màmá Rachel dìde. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, kò kánjú. Ìlínkà ò mọ ohun tó fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á ju ti Olóyè lọ, torí hẹn-ẹn yẹn ò tíì kúrò létí rẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá.

"Mo gbọ́," Màmá Rachel wí. "Èmi ni mo to àwọn ọkọ síwájú ìyàwó yìí lọ́jọ́ tó dé. Ọmọ yìí wà níbẹ̀, ó ti wà nílé kí ìyàwó tó wọlé. Bí ọkọ bá ti sọ̀rọ̀, kí lèmi fẹ́ tún sọ? Ọwọ́ òsì ò dáa, ó ti tọrọ àforíjì, gbogbo wa gbọ́. Èyí tó ṣẹ́ kù, irọ́ ni. Wọ́n ti gba wúrà lọ́wọ́ ìyàwó mi rí torí pé kò pa irọ́, Olóyè. Ẹ wá rò pé tíì yín yìí ló máa mú un pa á?"

Ìlínkà nà ró ṣánṣán. Kò mọ ìgbà tí ìyá yìí ti gbà á gbọ́. Ó fẹ́ sunkún, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí èyí tó ṣe.

"Ẹ palẹ̀ fóòmù mọ́!" Olóyè kígbe. "Ó ti parí!"

Àwọn ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí fóòmù. Màmá Rachel wò wọ́n bó ṣe máa ń wo àwọn ọmọ tó bá pẹ́ dé kíláàsì. Wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀, Mọ́ṣádé ti wà lórí igi.

Kò sí máàkì nínú èyí. Kò sí Kàdúná nínú rẹ̀, gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló sì mọ̀ ọ́n jù. Ẹkún ṣì ń mì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n nígbà àkọ́kọ́ tó fò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́. Ìlínkà gbàgbé ibi tó wà. "Ẹ na ẹsẹ̀ yín!" ó ké, ohùn rẹ̀ sì gba gbọ̀ngàn kan. "Òpéléńgẹ́! Ẹ nà án!" Ọmọ náà nà án. Ó yí, ó ta òkìtì ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ dúró kí ẹsẹ̀ méjèèjì kọjú sí àjà. Àwọn ọmọ Abẹ́òkúta àti ọmọ Ayépé tó gba ipò kìíní náà dìde dúró kí wọ́n lè ríran dáadáa. Ó sáré, ó fò, ó balẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, ó fà á padà.

Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó kọjú sí Olóyè Frederick.

Ọwọ́ Olóyè ti gbéra sókè díẹ̀ kó tó mọ̀, torí ó ti mọ́ ọwọ́ àgbà lára láti máa súre fọ́mọ. Ó dúró de orúnkún. Mọ́ṣádé wò ó, kò rẹ́rìn-ín, kò fajúro, kò tẹ ẹsẹ̀ kan. Nígbà tó pẹ́, ọwọ́ bàbá náà lọ tún fìlà ṣe, bí ẹni pé torí fìlà ló ṣe gbéra.

Ìgbà yẹn ni Mọ́ṣádé tó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó kúrò lórí fóòmù, ó kọjá níwájú tábìlì, ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Ìlínkà, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, orúnkún méjèèjì.

Obìnrin kan ní yéè, ó ní ọkọ kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó, ẹ gbé ọmọ yìí dìde. Màmá Rachel ní kó dákẹ́.

Ìlínkà ò lè wà lóòró kí ọkọ rẹ̀ wà nílẹ̀. Òun náà kúnlẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ báyìí, olùkọ́ àti ọmọ, ìyàwó àti ọkọ, ojú kọ ojú, kò sẹ́ni tó lè sọ èwo nínú wọn ló ń kí èwo. Ìlínkà fi ọwọ́ òsì nu omijé kúrò lójú ọmọ náà. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé òsì ni.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún yín yẹ̀ nígbà tí ẹ balẹ̀," ó ní.

"Mo mọ̀, Ìyàwó."

"A ó tún un ṣe lọ́la."